Aṣọ Tí A Wọ̀ Tó Fi Já

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ nìyí o, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí, ibi tí mo ti ń mu omi nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí àga jókòó sí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè ní ìmúra tó jẹ́ tiẹ̀, tí wọ́n á rí i lókèèrè tí wọ́n á ti mọ̀ pé lágbájá ló ń bọ̀ yẹn. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé màá ka aṣọ mẹ́wàá tó gbọ́dọ̀ wà nínú wọ́dúróòbù gbogbo èèyàn o, torí mi ò ní irú ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé ara gbogbo wa dọ́gba ni? Ṣé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe? Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ àti ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé kóòtù dúdú kan náà ni kí n ní kí wọ́n lọ rà?

Telọ ni mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìdí máṣíìnì ni mo jókòó sí, ibẹ̀ ni mo ti ń wo aráyé, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, màá kàn máa yí i ká ni: ìmúra tó jẹ́ tìẹ, o ti ní in nílé, o ò kàn tíì wò ó dáadáa ni. Ẹ gbọ́ mi yé ná kẹ́ ẹ tó máa jà.

Àwòrán inú fóònù àti báàgì àtúnṣe

Nǹkan méjì làwọn èèyàn máa ń gbé wá sọ́dọ̀ telọ. Èkíní, fóònù, àwòrán wà nínú ẹ̀. Èkejì, báàgì, aṣọ tó fẹ́ àtúnṣe ló wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti na fóònù sí mi báyìí, mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ: "Àǹtí, irú èyí ni mo fẹ́ o, bó ṣe rí yìí gẹ́lẹ́ o, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò." Màá wo àwòrán, màá wo ẹni tó dúró níwájú mi. Ẹni inú àwòrán ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti fi píìnì há aṣọ ẹ̀ lẹ́yìn kó lè fún un níwájú, iná ńlá ńlá ni wọ́n tàn sí i lára, ó kàn dúró lójú kan ni, kò fẹ́ jókòó, kò fẹ́ gbọ́mọ, kò fẹ́ sáré lé bọ́ọ̀sì. Ẹni tó wà níwájú tèmi níṣẹ́, ó lọ́mọ, ó níkùn, ó máa jókòó, ó máa bẹ̀rẹ̀, ó máa jẹun. Ṣé ẹ ti rí ibi tí ìjà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tú báàgì yẹn wò. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló máa ń gbé aṣọ tí kò fẹ́ràn lọ fún àtúnṣe? Aṣọ tí a ò fẹ́ràn, tí bọ́tìnì ẹ̀ bá já, ṣe ni inú wa á dùn pé a ti rí àwáwí. A ó ká a sísàlẹ̀ àpótí, ó dìgbóṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ràn, tó bá ya lábíyá, a ó gbé e lọ. Tí sípù ẹ̀ bá bàjẹ́, a ó gbé e lọ. Tí telọ bá ní "aṣọ yìí ti gbó o," a ó ní kó ṣáà bá wa wá nǹkan ṣe sí i.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn oníbàárà mi. Ó na fóònù sí mi lọ́jọ́ kan, olórin kan ló wà níbẹ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yinrinyinrin, tó fún un lára bí awọ. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Mo gba ìwọ̀n ẹ̀. Bó ṣe fẹ́ máa lọ ló ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Àǹtí, ẹ bá mi wo ìwọ̀nyí náà," ó gbé báàgì kan kalẹ̀. Mo tú u. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Búlúù tó ṣú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ́là wọn rọ̀, kò sí èyí tó le gan-an bíi pátákó nínú wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àpò láyà, ibi tí bírò ti máa ń dúró sì ti fàmì sílẹ̀ létí àpò. Kọ́là ti já, irùngbọ̀n ti jẹ ẹ́ títí tí òwú fi yọ síta. Mo ní, "Ẹ fẹ́ràn ìwọ̀nyí o." Ó ní, "Rárá o, aṣọ ìwọ̀káàkiri lásán ni." Lásán kẹ̀? Aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ tó fi já lọ́rùn!

Mo tú kọ́là wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, kọ́là ní ojú méjì, èyí tó ń fara kan ọrùn ló máa ń gbó, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ṣì dà bíi tuntun, tí telọ bá tú u, á yí i padà, á tún un rán mọ́ ọn, ṣẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ ayé míì nìyẹn. Mo rán jákẹ́ẹ̀tì adányinrin náà fún un pẹ̀lú o, ẹ má wò mí, owó ni mo ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èwo lẹ rò pé ó wọ̀? Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ni. Mo bi í pé jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ó ní ó wà nílé, ó ń retí òde tó máa bá a mu. Títí dòní, òde yẹn ò tíì dé. Èyí tó wá wọ̀ ọ́ lọ́rùn lẹ́yìn náà ni jákẹ́ẹ̀tì tí mo gé fún un látinú aṣọ búlúù tó ṣú, kọ́là rírọ̀, àpò láyà. Wọ́n ń bi í níbi iṣẹ́ pé ta ló ń bá a yan aṣọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Gbogbo wa la máa ń fi òwe yìí bú ọmọdé, ká fi sọ pé kò tíì gbọ́n tó. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òwe náà ò fi aṣọ ṣe ọrọ̀ àgbà, àkísà ló fi ṣe é. Aṣọ tuntun, ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè rà á láàárọ̀ yìí. Àkísà ò ṣeé rà. Ìgbà tó o bá wọ nǹkan tí o ò sì yéé wọ̀ ọ́ lo tó ní àkísà, ó sì ti sọ ẹni tó o jẹ́ kí ìwọ gan-an tó mọ̀.

Ṣòkòtò àgbàwọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí òwe kejì. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bani mu. Ẹ máa rò pé aṣọ tí a yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nìkan ni wọ́n ń bá wí. Rárá o. Àgbàwọ̀ kan wà tí èèyàn fi owó ara ẹ̀ rà, rìsíìtì wà lọ́wọ́ ẹ̀, síbẹ̀ àgbàwọ̀ ni. Ojú ẹlòmíì lo fi yàn án, ayé ẹlòmíì ni wọ́n rán an fún.

Gbogbo wa la mọ ẹ̀wù dúdú ọlọ́rùn gíga tí Steve Jobs, ọ̀gá Apple, iléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, máa ń wọ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe débẹ̀? Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ló rìnrìn àjò lọ sí Japan, ó dé iléeṣẹ́ Sony, ó rí i pé aṣọ kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ̀. Ó bi ọ̀gá wọn, Akio Morita, pé kí ló fà á. Ìyẹn ní lẹ́yìn ogun àgbáyé àwọn èèyàn ò láṣọ, iléeṣẹ́ ló ń fún wọn ní ohun tí wọ́n á wọ̀ wá síṣẹ́, nígbà tó yá ó wá di nǹkan tó ń so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Jobs lára. Issey Miyake, aránṣọ ará Japan, ló ṣe aṣọ Sony, ni Jobs bá ké sí i pé kó bá òun ṣe ẹ̀wù fún àwọn ará Apple náà. Ó gbé e délé, ó dúró níwájú wọn, ó fi hàn wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n hó lé e lórí! Wọ́n ní àwọn ò wọ̀ ọ́. Ó ká a kúrò ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti Miyake ti di ọ̀rẹ́, ó wá ní kó bá òun ṣe ti òun nìkan, ẹ̀wù dúdú ọlọ́rùn gíga, ìyẹn sì ṣe nǹkan bí ọgọ́rùn-ún fún un, òun ló ń wọ̀ títí tó fi kú ní 2011.

Èrò kan náà, orí kan náà ló ti wá. Nígbà tó fẹ́ fi bo àwọn ẹlòmíì lára, àgbàwọ̀ ni. Nígbà tó mú un fún ara ẹ̀, torí pé kò fẹ́ máa ronú aṣọ láàárọ̀, ó bá a mu rẹ́múrẹ́mú. Àwọn míì wá rí ẹ̀wù yẹn, wọ́n rò pé inú ẹ̀wù lọgbọ́n wà. Elizabeth Holmes tó dá Theranos, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, sílẹ̀, irú ẹ̀ lòun náà ń wọ̀, àwọn oníròyìn ń fi í wé Jobs ṣáá, títí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fi dá a lẹ́bi jìbìtì ní oṣù kìíní 2022. Mi ò sọ pé ẹ̀wù ló ti í débẹ̀ o. Ẹ̀wù ò mọ nǹkan kan.

Obama náà, nígbà tó wà nípò ààrẹ, sọ ní 2012 pé kóòtù aláwọ̀ eérú àti búlúù nìkan lòun ń wọ̀, torí ìpinnu tó wà ńlẹ̀ fóun láti ṣe ti pọ̀ jù, òun ò fẹ́ máa fi ti aṣọ àti ti oúnjẹ kún un. Ó wá dọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ 2014, ó wọ kóòtù aláwọ̀ yanrìn jáde sí àwọn oníròyìn. Ariwo ta! Ọ̀rọ̀ gidi ló wá bá wọn sọ o, kóòtù ni wọ́n ń sọ. Ẹ rí i bí ojú àwọn èèyàn ṣe máa ń mọ́ra? Tó o bá ti fi ọdún pípẹ́ wọ nǹkan kan, wọn ò ní rí nǹkan náà mọ́, ìwọ ni wọ́n á máa rí.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbí kó lọ sọ pé telọ ní ká máa wọ àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ wo Iris Apfel, ará New York, òun àti ọkọ ẹ̀ jọ ń ṣòwò aṣọ ìlé ni. Gíláàsì ojú ẹ̀ tóbi bí àwo, ẹ̀gbà ọwọ́ kún apá ẹ̀ méjèèjì, ìlẹ̀kẹ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀, àwọ̀ tí ẹ ò rò pé ó lè bára wọn gbé ló máa kó pọ̀ sára. Ní 2005, Metropolitan Museum of Art, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní New York, kó aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀ síta káwọn èèyàn wá wò ó, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn, ó sì pé 102 kó tó kú ní 2024. Wọ́n máa ń sọ pé àṣejù baba àṣetẹ́. Fún ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni. Fún Iris, àṣejù yẹn ni ìwọ̀n. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀wù dúdú Jobs wọ̀ ọ́, ẹ ò ní dá a mọ̀. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ.

Ara ni ọ̀gá

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, ẹ fọkàn bá mi lọ.

Frida Kahlo, ayàwòrán tó ń fi ọ̀dà yàwòrán, ará Mẹ́síkò. 1907 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ wá tín-ín-rín ju tòsì lọ. Ní 1925, ọmọ ọdún méjìdínlógún, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ àti ọkọ̀ ojú irin inú ìlú kọlu ara wọn. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́, eegun ìbàdí ẹ̀ fọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn náà fọ́. Látìgbà náà, iṣẹ́ abẹ lórí iṣẹ́ abẹ, POP láyà, bẹ́líìtì aláwọ àti onírin tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀yìn ẹ̀ ró. Tó bá jẹ́ èmi àbí ẹ̀yin, kí la bá wọ̀? Ṣebí nǹkan ṣákálá tí ẹnikẹ́ni ò ní fi wò wá ni?

Ẹ wo ohun tóun ṣe. Ó mú aṣọ àwọn obìnrin Tehuantepec, ní agbègbè Oaxaca tí ìdílé ìyá ẹ̀ ti wá. Ẹ jẹ́ ká fojú telọ wò ó. Síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gùn títí dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín ti bò nìyẹn. Ẹ̀wù òkè ẹ̀, aṣọ gbọọrọ lásán ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n lu ọrùn sí, kò ní sípù, kò ní bọ́tìnì, kò fún ní ìbàdí, èèyàn lè bọ̀ ọ́ lé POP lórí láìsí wàhálà. Ó tún kúrú, ìdí ni ó mọ, torí náà tó bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ kò ní ká jọ sábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kó òdòdó sórí, yẹtí ńlá sétí, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta wúwo sọ́rùn. Ibo ni ojú ẹni tó ń wò ó máa lọ? Òkè. Ojú ẹ̀ ni wọ́n máa wò. Ẹni tó rán aṣọ fúnni lówó gọbọi ò lè gé e ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n wá gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ní 1953, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún un ní bàtà aláwọ pupa, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya iṣẹ́ ọnà sí i lára, wọ́n so agogo kéékèèké mọ́ ọn. Agogo o! Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó kú ní 1954, ọkọ ẹ̀ Diego Rivera ní kí wọ́n ti ibi tí ẹrù ẹ̀ wà pa, 2004 ni wọ́n tó ṣí i, wọ́n bá aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ tó tó nǹkan bí 300 níbẹ̀.

Lónìí ẹ máa rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń to òdòdó sórí bíi tiẹ̀. Òdòdó ni wọ́n rí, wọn ò rí ẹsẹ̀.

Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn tí mo bá ní ara ni ọ̀gá. Ibi tó ń dùn ẹ́, ibi tó ń fún ẹ, ibi tí òógùn ti máa ń mú ẹ, iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹ ń ṣe, ibẹ̀ ni ìmúra tìẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Jíǹsì tí gbogbo ayé ń wọ̀ yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé telọ bíi tèmi ló ronú ẹ̀? Jacob Davis, àpò ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ ń ya ṣáá, ló bá fi irin kékeré kan an létí kó lè dúró. Òun àti Levi Strauss tó ń ta aṣọ fún un jọ gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún 1873. Kò sẹ́ni tó jókòó pé kóun ṣe fáàrí níbẹ̀. Àpò tó ń ya ni.

Ó yá, ẹ dìde, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tàbí kóòtù. Ẹ fi ìka kan èjìká yín, ẹ wá ibi tí eegun ti parí tí apá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ojú rírán aṣọ yín wà níbẹ̀? Tó bá ti ṣubú sórí apá, ó tóbi, àyàfi tí wọ́n bá dìídì rán an bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń gun ọrùn bọ̀, ó kéré. Èmi lè fún ìhà aṣọ, mo lè gé apá ẹ̀ kúrú, mo lè ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ṣùgbọ́n kóòtù tí èjìká ẹ̀ ò bá bá yín mu nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un, torí àtitú èjìká ká tún un rán, owó iṣẹ́ ẹ̀ lè sún mọ́ owó kóòtù gan-an. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè báyìí bí ẹni fẹ́ gbé nǹkan lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ta ni ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ yọ kúrò nínú ṣòkòtò? Ẹ jókòó padà. Ta ló tún bẹ́líìtì ṣe bó ṣe ń jókòó? Mo rí yín o. Nínú dígí, ìdúró nìkan la máa ń wò, bẹ́ẹ̀ àga la fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé wa gbé.

Kí n tó gbàgbé, àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó sanra ò gbọdọ̀ wọ aṣọ onílà ìbú, ẹni kúkúrú ò gbọdọ̀ wọ tibí, ẹni dúdú ò gbọdọ̀ wọ tọ̀hún. Ta ló ṣe òfin yẹn? Mo ti rán aṣọ onílà ìbú fún obìnrin tó sanra dáadáa, ó yẹ ẹ́ débi pé ó padà wá rán méjì sí i. Aṣọ tí ò bá ara mu ló ń bu èèyàn kù, ìlà ò jẹ̀bi.

Ṣé aṣọ ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn ẹni?

Èyí ò ní gùn. Ní 2012, Hajo Adam àti Adam Galinsky ṣe ìwádìí kan, wọ́n wọ kóòtù funfun fún àwọn èèyàn. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé kóòtù dókítà ni fọkàn sí ohun tí wọ́n gbé fún wọn ṣe ju àwọn tí wọ́n sọ fún pé kóòtù ayàwòrán ni lọ, bẹ́ẹ̀ kóòtù kan náà ni. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn míì tún ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò ìwádìí náà ṣe ní 2019, wọn ò rí irú èsì yẹn. Nítorí náà ẹni tó bá ń tà yín ní kóòtù pé tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ọpọlọ yín á jí pépé, ẹ rọra.

Ohun tí èmi rí nídìí máṣíìnì ò tó ìyẹn. Ẹni tí aṣọ ẹ̀ ò dí lọ́wọ́ máa ń gbàgbé pé òun wọ aṣọ. Kò ní máa fà á sísàlẹ̀, kò ní máa fọwọ́ bo ikùn, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ló máa gbájú mọ́. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n rí yín dáadáa tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ò kúrò lára aṣọ?

Ibi tẹ́ ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má lọ sídìí wọ́dúróòbù. Wọ́dúróòbù ń parọ́, ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ jẹ́ ló wà níbẹ̀. Agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ lọ wò. Ẹ jẹ́ kó kún fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dà á sórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá béèrè pé kí làwọn aṣọ yìí fi jọra? Ẹ má béèrè èyí tó rẹwà. Ọrùn wọn ńkọ́? Apá wọn gùn dé ibo? Òwú ni wọ́n àbí pọ́lísítà? Wọ́n lápò? Obìnrin kan tó gbọ́rọ̀ yìí lẹ́nu mi rò pé gáùn olódòdó lòun fẹ́ràn jù, gáùn kún ilé ẹ̀. Ó da agbọ̀n ẹ̀ síta, kò sí gáùn kan níbẹ̀. Ṣòkòtò lápò lápò ni, àti ẹ̀wù tí apá ẹ̀ mọ ní ìgúnpá. Tẹ́ ẹ bá mọ obìnrin náà, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ gígùn máa ń há a. Èyí tó ní kí n rán fún un tẹ̀ lé e jẹ́ gáùn olódòdó o, ṣùgbọ́n a fi àpò sí i, a sì gé apá ẹ̀ mọ ìgúnpá. Ìyẹn ti wọ agbọ̀n báyìí.

Aṣọ tó kù lórí háńgà, ẹ kọ́ gbogbo háńgà lódì, ẹnu ẹ̀ á kọjú sí yín. Èyí tẹ́ ẹ bá ti wọ̀, ẹ kọ́ ọ padà bó ṣe yẹ. Tó bá di oṣù mẹ́fà, ẹ ti mọ àwọn tó kàn ń gba àyè. Ẹ má kó wọn dànù lójú ẹsẹ̀ o, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n wò kẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ò fẹ́ lára wọn, torí ìyẹn náà ẹ̀kọ́ ni, tẹ́ ẹ bá dà á nù láìmọ̀, irú ẹ̀ lẹ máa tún lọ rà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà tuntun, ẹ mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí oòrùn wà. Iná inú ṣọ́ọ̀bù ń tan ojú, búlúù á di dúdú, funfun á di àwọ̀ kíríìmù. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú yín, ẹ wò ó bóyá ojú yín lẹ kọ́kọ́ rí àbí aṣọ. Ẹ wo inú ẹ̀ náà, ojú rírán inú aṣọ kì í purọ́. Ti owó, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ẹ pín owó aṣọ sí iye ìgbà tẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́. Èyí tó wọ́n tẹ́ ẹ wọ̀ nígbà 100 lè dín lówó ju èyí tó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má sì pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nǹkan kan ni kẹ́ ẹ máa dán wò, gíláàsì, bàtà, fìlà, àwọ̀ kan. Tó bá ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́ ò ronú ẹ̀ mọ́, ó ti di tiyín.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè.

[Ìyá kan béèrè pé lẹ́yìn tóun bímọ tán, ara òun ti yí padà, ṣé kóun kó aṣọ àtijọ́ dà nù ni.]

Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ẹ má tíì kó nǹkan kan dà nù. Ẹ yí inú wọn síta, ẹ wo iye aṣọ tí telọ fi sílẹ̀ sínú ojú rírán níhà. Tó bá tó ìdajì íǹṣì lápá kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé tú sílẹ̀. Èyí tí èjìká ẹ̀ ṣì dúró dáadáa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn. Èyí tí ò bá ṣeé tú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ fi gé òmíràn, telọ lè fi ṣe àwòrán ìgé. Ara tẹ́ ẹ ní báyìí ni kẹ́ ẹ wọṣọ fún, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ní lọ́jọ́sí, kì í sì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń retí.

[Ọ̀dọ́kùnrin kan láti ẹ̀yìn ní tóun bá ń wọ nǹkan kan náà ṣáá, ṣé àwọn èèyàn ò ní sọ pé òun ò láṣọ ni?]

Wọ́n máa sọ ọ́! Kí ni kí n parọ́ fún ẹ sí? Wọ́n máa sọ ọ́ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti Bill Cunningham fún ẹ. Nǹkan bí ogójì ọdún ló fi ń fi kámẹ́rà ya àwòrán aṣọ àwọn èèyàn lójú títì fún ìwé ìròyìn New York Times, orí kẹ̀kẹ́ ló wà, òjò ò dá a dúró. Ọkùnrin tó mọ aṣọ tó báyẹn, kí lòun fúnra ẹ̀ ń wọ̀? Jákẹ́ẹ̀tì búlúù tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀ ní Faransé, torí pé ó lápò fún fíìmù kámẹ́rà, tó bá sì gbó, kò wọ́n àtirà. Tí aṣọ òjò ẹ̀ bá ya, téèpù ló fi ń lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìjọba Faransé fún un lóyè ní Paris ní 2008, jákẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn náà ló wọ̀ lọ, ó ṣì ń ya àwòrán àwọn tó wá bá a yọ̀ kí wọ́n tó pè é síwájú.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá òsì, mo rí ọwọ́ méjì níbẹ̀, ìwọ tó o wọ pupa ni kó o kọ́kọ́ sọ tìẹ.